‘ỌMỌ MI KÒ DÁHÙN MỌ́!’ Ohun tí etí tó ń ṣọyún fojú ìyá aláta rí n'Ìbàdàn

Aago méjì òru ti kọjá ní àdúgbò kan nítòsí Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún kan àti oṣù méje kò tíì sùn. Igbe ló ń ké. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé e pọ̀n, á ké. Bó bá tẹ́ ẹ sórí ẹní, á ké ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmú tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á fà á lẹ́ẹ̀kan, á tú u dànù, á tún fọwọ́ fa etí ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé kòkòrò wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná jọ̀jọ̀. Àwọn alájọgbélé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn.

“Ìyá Aláta, kí ló dé? Ṣé kò sí o?”

“Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ará ilé. Etí náà tún ni.”

Ẹ ò rí nǹkan? “Etí náà tún ni.” Ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbólóhùn kékeré yẹn pọ̀. Ìgbà karùn-ún rèé láàárín oṣù mẹ́jọ. Oògùn ibà ni wọ́n kọ́kọ́ lò fún ọmọ náà nígbà àkọ́kọ́, torí pé ara gbígbóná ni wọ́n rí. Lẹ́yìn náà ni ọyún jáde létí, wọ́n wá mọ̀ pé etí ni. Ó lọ, ó bọ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Bí alágbèédé ṣe ń lù ú lójú kan náà ló rí.

Ọjà Bódìjà ni ìyá ọmọ náà ti ń ta ata àti tòmátì. Ẹni tó bá mọ òwò ata á mọ̀ pé ata kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá ṣàìsàn ní ọjọ́ Ajé, tí ìyá rẹ̀ kò lè jáde títí di Ọjọ́rú, kí agbọ̀n tòmátì tó rà lówó gọbọi tó dé ojú àtẹ, omi ti ń ro nídìí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó àjọ tó yẹ kó dá kọjá ọjọ́. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa takisí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ ọn.

“Èwo ni ti etí lójoojúmọ́? Ṣé ọmọ tiwa nìkan ni Ọlọ́run dá etí fún ni?”

ÌYÁ ÀGBÀ GBÉ ÀDÍN KANÁ

Ìyá ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé kan náà. Obìnrin rere ni, ó fẹ́ràn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ẹyin ojú. Ṣùgbọ́n bí àìsàn ọ̀hún bá ti dé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

“Ìyàwó, mo ti sọ fún ọ. Omi lo máa ń jẹ́ kó wọ ọmọ létí nígbà tó o bá ń wẹ̀ ẹ́. Àwa náà bímọ, a wẹ̀ wọ́n, etí wọn kò ṣọyún.”

Kí ni ìyàwó fẹ́ sọ? Ó wólẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá.” Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún nínú. Ìyá tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ọjà rẹ̀ ń bà jẹ́, tí wọ́n tún ń dá ẹ̀bi àìsàn ọmọ rù, kí ló kù fún un bí kò ṣe ẹkún?

Ní òru ọjọ́ tí a ń wí yìí, Ìyá Àgbà dìde, ó gbé àdín kaná, ó rẹ́ àlùbọ́sà sí i. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó kán an sí etí ọmọ. Ọmọ ké títí, ó tún ké, nígbà tó sì yá, ó dákẹ́. Kò tó wákàtí kan, oorun ti gbé e lọ fọnfọn.

“Ṣé ẹ rí i?” ni Ìyá Àgbà wí. “Oògùn àwọn bàbá wa kì í tàsé.”

Inú gbogbo ilé dùn. Àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n gbé ọmọ sókè. Aṣọ tó fi orí lé ti rin gbindin. Omi aláwọ̀ ìyeyè tó nípọn, tó ń rùn, ló ń ṣàn láti etí ọ̀tún dé ọrùn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà rèé. Kì í ṣe àdín ló mú ọmọ náà sùn. Ìlù etí rẹ̀ ló bẹ́! Bí ìlù etí bá bẹ́, ọyún tó kún inú á ráyè jáde, ìrora á rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọmọ á sì sùn. Ohun tí gbogbo ilé rò pé ó jẹ́ ìwòsàn, ìpalára ni.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ETÍ ỌMỌDÉ?

Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká wo inú etí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni etí pín sí: etí òde, etí àárín àti etí inú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ìlù etí ló pààlà láàárín etí òde àti etí àárín. Lẹ́yìn ìlù yìí, yàrá kékeré kan wà tí eegun kéékèèké mẹ́ta ti ń gbé ohùn kọjá sí etí inú. Ihò tóóró kan sì wà tó lọ láti inú yàrá yẹn dé ẹ̀yìn imú, lókè ọ̀nà ọ̀fun. Orúkọ Bartolomeo Eustachi, oníṣègùn ará Ítálì kan tó kú ní ọdún 1574, ni àwọn òyìnbó fi ń pe ihò náà títí dòní. Iṣẹ́ ihò yìí ni láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ yàrá náà, kí omi inú rẹ̀ sì ríbi ṣàn jáde.

Ti àgbàlagbà gùn, ó sì dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Ti ọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ta ni kò mọ gọ́tà tí bíríkìlà kò dá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Omi kì í lọ níbẹ̀, ìdọ̀tí ló ń dúró sí i. Bí ó ṣe rí nínú etí ọmọ nìyẹn. Bí kátà bá mú un, ẹnu ihò yẹn á wú, á dí. Omi inú yàrá á dúró, kòkòrò àìsàn tó wà lẹ́yìn imú á gun òkè wọ ibẹ̀, omi á di ọyún. Ọyún náà á máa ti ìlù etí láti inú. Ohun tó ń mú ọmọ ké lóru nìyẹn, pàápàá bó bá dùbúlẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe omi ìwẹ̀ ló fa á. Bí ìlù etí bá wà ní pípé, omi ìwẹ̀ kò lè kọjá rẹ̀ dé yàrá inú. Láti imú ni wàhálà ti wá. Bó bá ti lu ná, ìgbà yẹn ni omi di ọ̀tá, torí pé ihò ti wà tó lè gbà wọlé.

Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ni àìsàn yìí wọ́pọ̀ jù. Àwọn dókítà ní bó bá ṣe ọmọ tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan, ó ti di aṣelọ-ṣebọ̀, ó sì yẹ kí dókítà elétí rí i. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ti ọmọ ìyá aláta.

NÍBI KẸ́MÍSTÌ

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì kan. Ẹni tó bá níbẹ̀ kò wo etí, kò bi í léèrè nǹkan kan ju “ọmọ ọdún mélòó?” lọ. Ó fún un ní ìgò oògùn tí wọ́n ń kán sí etí àti oògùn apakòkòrò olómi kan. Ọjọ́ kejì tí ọmọ lo oògùn olómi náà, ara rẹ̀ balẹ̀. Ìyá rẹ̀ dé ìgò náà, ó gbé e sórí pẹpẹ.

“Ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tó kù,” ló wí fún ọkọ rẹ̀, “ká lè rí i lò bó bá tún dé.”

Ọgbọ́n àìlówó ni, a kò lè bú u. Ṣùgbọ́n ó léwu. Bí ara bá fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, kòkòrò tó kù nínú etí ṣì ń mí. Èyí tó lágbára jù ló máa ń ṣẹ́kù, òun náà ló sì máa ń padà wá. Iye ọjọ́ tí dókítà bá dá ni kí ẹ lò ó pé, ìbáà jẹ́ márùn-ún, ìbáà jẹ́ mẹ́wàá. Oògùn olómi tí wọ́n ti po omi mọ́ kì í sì í pẹ́ bàjẹ́.

Oògùn tí wọ́n ń kán sí etí náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Àwọn kan wà nínú wọn, irú bíi gentamicin, tí wọ́n lè ṣe etí inú léṣe bí wọ́n bá gba ojú ihò ìlù etí wọlé. Ta ló máa mọ̀ bóyá ìlù ti lu tàbí kò tíì lu? Ẹni tó bá fi iná wo inú etí nìkan ni.

ỌJỌ́ TÍ ÌDÉRÍ ÌKÒKÒ JÁ BỌ́

Ohun tó la ojú ìyá aláta kì í ṣe ọyún. Ìdérí ìkòkò ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọdé mẹ́ta ń ṣeré nílẹ̀, ti tirẹ̀ wà láàárín wọn. Ìdérí ìkòkò ńlá kan já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́yìn wọn, ó dún gbàrà-gàdà. Àwọn ọmọ méjì fò sókè, wọ́n wẹ̀yìn. Ọmọ tirẹ̀ kò yíjú. Ó ń fi ṣíbí wa iyẹ̀pẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ìyá rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kò dáhùn. Ó tún pè é, ó pariwo. Kò dáhùn. Ìgbà tó bọ́ síwájú rẹ̀ tí ọmọ rí ojú rẹ̀ ló tó rẹ́rìn-ín.

“Àyà mi là gààrà,” ni ìyá náà wí. “Mo ní, ‘Yéè! Ọmọ mi kò dáhùn mọ́! Ṣé adití ni mo bí ni?’ Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ nínú ilé ti ń pe omi, ó ń pe ìyá, ó ń sọ pé ‘gbé mi’. Ọmọ tèmi, ‘bà, bà’ nìkan ló mọ̀.”

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ewu ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an nìyí. Bí omi bá dúró lẹ́yìn ìlù etí, ọmọ á máa gbọ́ràn bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò. Ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kódà oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn tí ìrora ti lọ. Bó bá sì ń dé léraléra, àsìkò tó yẹ kí ọmọ fi kọ́ ọ̀rọ̀ á kọjá lára rẹ̀. Ẹ wá wo èdè tiwa: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ohùn ló yà wọ́n. Ọmọ tí ohùn kò wọ etí rẹ̀ dáadáa, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tí ìyá rẹ̀ ń wí? Bó bá dé ilé ìwé, tíṣà á ní olórí kunkun ni, wọ́n á máa nà án. Etí ni, kì í ṣe orí!

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí àìgbọ́ràn wọn le dé ibi tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ láyé lé ní mílíọ̀nù 430, mílíọ̀nù 34 sì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n tún ní nínú ọgọ́rùn-ún ọmọdé tí kò gbọ́ràn, ti bí ọgọ́ta nínú wọn wá láti ọ̀dọ̀ ohun tí a lè dènà. Ọyún inú etí wà lára wọn.

“MÀMÁ, Ẹ KÚ ÌTỌ́JÚ ỌMỌ”

Kíá ni wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ, Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wọn. Dókítà obìnrin kan mú iná kékeré kan tó lẹ́nu ṣóńṣó, ó fi wo etí méjèèjì. Ti ọ̀tún lu, ti òsì kún fún omi.

“Kí lẹ ti lò sí i?” ló bi wọ́n.

Ìyá ọmọ wolẹ̀. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀. “Àdín ni, Dókítà. Èmi ni mo kán an.”

Dókítà náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ibi tó ń ro ọmọ yìí, ẹ̀yìn ìlù etí ló wà, àdín kò lè dé ibẹ̀. Bí ìlù bá sì ti lu, tí àdín dé ibẹ̀, á kó ìdọ̀tí wọlé ni. Ẹ ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ máa bá wa gbẹ etí yìí.”

Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. “Èmi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Iṣẹ́ sùúrù ni.”

Nọ́ọ̀sì kan kọ́ wọn. Aṣọ òwú funfun tó mọ́, tó rọ̀, tó sì ń fa omi, ni kí wọ́n gé, kí wọ́n lọ́ ọ bí òwú fìtílà. Kí wọ́n fi sí ẹnu ihò etí, bó bá ti fa ọyún mu, kí wọ́n yọ ọ́ sọnù, kí wọ́n fi òmíràn sí i, títí èyí tí wọ́n fi sí i kẹ́yìn á fi jáde ní gbígbẹ. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kò sí fífi aṣọ tàbí òwú sílẹ̀ nínú etí. Kò sí igi ìṣáná, kò sí ìyẹ́ adìyẹ, kò sí ọ̀pá olówùú. Bí wọ́n bá ń wẹ ọmọ, kí omi má wọ etí náà.

Nítorí pé ọyún náà ti lé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá tó ti ń jáde, oògùn mìíràn ni wọ́n kọ fún un: ciprofloxacin tí wọ́n ń kán sí etí, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ etí tán ni kí wọ́n tó kán an, torí pé oògùn kò lè ríbi gbà kọjá nínú ọyún. Fún ọmọ tí tirẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, amoxicillin tí wọ́n ń gbé mì àti páràsítámọ́ọ̀lù fún ìrora ni wọ́n sábà máa ń kọ. Dókítà ló máa sọ ìwọ̀n rẹ̀.

OHUN TÓ Ń PÈ É WÁ

Dókítà tún bi ìyá ọmọ léèrè bí ilé ṣe rí. Ọ̀rọ̀ jáde. Bó bá ti fẹ́ lọ sọ́jà, inú bọ́tù fídà ni wàrà ọmọ máa ń wà, wọ́n á tẹ́ ọmọ gbalaja, wọ́n á ti bọ́tù náà sí i lẹ́nu. Wàrà lè gba ẹ̀yìn imú wọ ihò etí bí ọmọ bá ń mu ún ní ìdùbúlẹ̀. Rírọ ọmọ lágbo tàbí lẹ́kọ lórí itan náà kò dára. Kí ọmọ jókòó, tàbí kí orí rẹ̀ ga, kó tó mu ohunkóhun.

Inú kọ́rídọ̀ ni ààrò igi wà, èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá. Bàbá ọmọ náà ń mu sìgá nínú ilé. Èéfín méjèèjì yìí ń mú kí imú ọmọ wú, kí ihò etí sì dí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ kan kún ti àwọn ọmọdé, tó ń gbógun ti kòkòrò kan tó máa ń fa òtútù àyà àti yínrùnyínrùn, tó sì tún wà lára àwọn tó ń fa ọyún inú etí. Nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá ni wọ́n ń gún un. Ti ọmọ ìyá aláta kù lẹ́ẹ̀kan, torí ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ bọ́ sí. Ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ náà ń dáàbò bo ọmọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa o. Bí ẹ̀yìn etí ọmọ bá wú, tí etí yọ síwájú. Bí ọrùn rẹ̀ bá le, tó ń bì, tí gìrì mú un, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́. Ọyún lè gba etí wọ eegun ẹ̀yìn etí, kó sì dé ọpọlọ. Hósípítù ni kí ẹ gbà lọ lóru ọjọ́ náà. Ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ìjọba àpapọ̀ náà sì dá ilé ìwòsàn etí sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1999.

ỌMỌ YÍJÚ PADÀ

Ọ̀rọ̀ kò yanjú lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Ìyá Àgbà fi jókòó tì í, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, tó ń lọ́ aṣọ funfun, tó ń fi gbẹ etí, tó ń fi orin pẹ̀tù sí ọmọ nínú. Òun náà ló lé ọmọ rẹ̀ jáde nílé pẹ̀lú sìgá.

“Bó o bá fẹ́ mu ún, títì ni kó o lọ. Etí ọmọ yìí, èmi ni mo ń ṣọ́ ọ báyìí.”

Ààrò igi kúrò ní kọ́rídọ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọyún gbẹ. Nígbà tí wọ́n padà lọ, dókítà ní ìlù etí náà ti ń pa ojú ara rẹ̀ dé, omi inú ti òsì sì ti ń fà. Ó ní ọ̀pọ̀ irú ihò kékeré bẹ́ẹ̀ ló máa ń dí fúnra rẹ̀ bí etí bá ti gbẹ, àti pé bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni ihò ẹ̀yìn imú á máa gùn sí i, tí àìsàn náà á sì máa jìnnà sí i. Bí omi inú etí bá kọ̀ tí kò lọ, àwọn dókítà elétí lè fi ọ̀pá róbà kékeré kan sí ìlù etí láti fà á jáde.

Ó tún dé lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́. Kátà ló kọ́kọ́ dé, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí. Kò sí àdín, kò sí kẹ́místì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti wà níwájú dókítà. Wọ́n lo oògùn pé, ìlù etí kò bẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, ìyá aláta ti ọjà dé, ó rẹ̀ ẹ́, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà kọ̀yìn sí i, ó ń ṣeré lẹ́sẹ̀ Ìyá Àgbà. Ìyá rẹ̀ rọra pe orúkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ pariwo. Ọmọ yíjú padà, ó dìde, ó ń sáré bọ̀.

“Ìyá! Gbé mi!”

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń fa etí, ẹ má wo ẹnu ará ilé, ẹ má fi ti ọjà ṣe. Owó ata tó bàjẹ́, èèyàn lè rí i padà. Etí ọmọ kò ní pààrọ̀. Ẹni tí irú èyí bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó kọ lẹ́tà sí ojú ewé lẹ́tà, kí àwọn ìyá mìíràn lè fi kọ́gbọ́n.